Pupa Ni Omi Kọ́kọ́ Ń Jẹ

Omi tó dà jáde nínú kámẹ́rà náà mọ́ gaara. Ohun tó kọ́kọ́ da Kílófàá láàmú nìyẹn.

Kámẹ́rà ọ̀hún kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú èyí tí wọ́n ṣe kí omi má lè wọ̀ ọ́, tí àwọn òmùwẹ̀ fi ń yàwòrán nísàlẹ̀ odò. Kílófàá gbé e sókè abọ́ funfun kan, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Omi ro tótó sínú abọ́. Kò sí ẹrẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ìdọ̀tí. Káàdì tí àwòrán ń wà nínú rẹ̀ náà kò sí.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ wá wo omi yìí."

Sájẹ́ǹtì, àgbà ọlọ́pàá oníkùn ńlá tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, tẹ orí ba wò ó. "Mo ti wò ó, ọ̀gá mi. Omi ni."

"Irú omi wo?"

"Irú èyí tó ń tutù."

Kílófàá ò rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé bí olè bá jẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, tó sunkún, tó bẹ̀bẹ̀, obìnrin náà á ṣì bi í pé kí ló fà á. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun sọ ọ́ di oyè.

"Ẹ wo odò," ó ní. Níwájú ilé páànù tí àwọn òmùwẹ̀ ń lò, odò ń ṣàn lọ, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé tútù, ẹrẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ń fò nínú rẹ̀. Lókè, ọkọ̀ ń sáré lórí afárá, páànù sì ń gbọ̀n. "Wọ́n ní òmùwẹ̀ obìnrin tó ni kámẹ́rà yìí ò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, pé odò ló ṣí i, pé káàdì bá omi lọ. Bó bá jẹ́ inú odò ló ti ṣí, ṣé omi tó mọ́ tó báyìí la máa bá nínú rẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì wo abọ́, ó wo odò, ó tún wo abọ́. "Háà."

"Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni wọ́n ti ṣí i." Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan wà ní igun ilé, ó kún fún omi ẹ̀rọ. Bí òmùwẹ̀ bá ti jáde nínú odò, ibẹ̀ ló ń ju kámẹ́rà rẹ̀ sí ní títì pa, kí omi mímọ́ lè fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. "Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló sì ti ṣí fúnra rẹ̀, ó yẹ kí káàdì wà nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sí níbẹ̀. Káàdì ò lẹ́sẹ̀."

"Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ló gbé e."

"Ẹ ṣé. Ẹ̀yin náà ti ń di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti dà á. Ìyàwó mi nìkan ni ò tíì gbà."

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn débẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó afárá fẹ́ kó òkúta ńláńlá yí ìdí àwọn òpó ká, kí omi má baà wọ́ ilẹ̀ abẹ́ wọn lọ. Kí wọ́n tó kó o, wọ́n ní kí òmùwẹ̀ méjì wọ odò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n ya ìdí òpó kẹta wá. Àgbà òmùwẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àwòrán tirẹ̀ fi kọnkéré dídán hàn, kò ní àléébù kankan. Ẹnì kejì ni ọmọbìnrin kan tí Pẹ́pẹ́yẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Òun jáde nínú omi, ó ní òpó ti lanu. Ó ju kámẹ́rà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lọ pààrọ̀ aṣọ, ó lọ jẹun. Nígbà tó padà dé, ilẹ̀kùn kámẹ́rà ti ṣí sílẹ̀, káàdì ti lọ. Ọmọbìnrin náà ti ilẹ̀kùn náà padà pẹ̀lú omi inú rẹ̀, ó sì gbé kámẹ́rà pamọ́. Ẹnjiníà tó kọ́ afárá náà ní kò sí àwòrán kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó òkúta, ìdí òpó sì wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i báyìí, àfi kó ti afárá pa, kó sì wá ẹ̀rọ tó ń gbé òkúta. Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ẹnu lásán?

Ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an sì ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Bí òmùwẹ̀ obìnrin náà ò bá rí ẹ̀rí mú wá, wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òpùrọ́ ni.

*

Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà ló ń wa ọkọ̀ ojú omi fún un, òun ló sì ń di okùn rẹ̀ mú nígbà tó bá wà nísàlẹ̀. Ó ga gbọọrọ, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé.

"Ibí ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà," ó ní láti inú ọkọ̀ rẹ̀. "N ò kúrò."

"Ẹ ò kúrò rárá?"

"Rárá o."

"Ta ló wọ ilé òmùwẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ká lọ síbo?"

"Àgọ́ wa. Bí kò bá sẹ́ni tó wọlé, ẹ̀yin lẹ mú káàdì."

Ọkùnrin náà fò dìde, ọkọ̀ mì lábẹ́ rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Káàdì àbúrò mi? Ọmọ ìyá mi?"

"Wọ́n gbọ́ tí ẹ̀ ń bá a jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Mo ní kó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni! Bó bá ti wọ abẹ́ omi, tí mo di okùn yẹn mú, àyà mi á máa já títí á fi yọrí. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

Sájẹ́ǹtì ti ń wo òdìkejì títì, níbi tí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan wà. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ta ló tiẹ̀ jẹ góòlù kẹta lọ́jọ́ náà?"

"Nọ́ńbà méje ni, orí ló fi kàn án, aṣọ́lé ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí..." Ẹnu rẹ̀ pa dé.

Omi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

"Góòlù tó ṣòroó gbàgbé ni," Sájẹ́ǹtì ní.

Kílófàá yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà wò ó? Lẹ́nu iṣẹ́?"

Sájẹ́ǹtì wúkọ́.

Ẹ̀gbọ́n náà ti jókòó padà. "Mo lọ wò ó díẹ̀. N ò lè sọ fún un, mà. Gbogbo ọjọ́ ni mò ń pariwo pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa. Kí n wá sọ pé èmi tó ní kí n ṣọ́ ẹrù òun ló lọ wo bọ́ọ̀lù?"

"Ta lẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀?"

"Ọ̀gá rẹ̀ nìkan, Pẹ́pẹ́yẹ, tó ń fọ aṣọ omi rẹ̀. Bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ ni mo pàdé ẹnjiníà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀."

"Ẹnjiníà!" Sájẹ́ǹtì pàtẹ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ ti yé."

"Kò tíì yé," Kílófàá ní.

*

Ẹnjiníà kò sẹ́. Ó dìde lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ láàárín àwọn àwòrán afárá tó lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Mo sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ gba àwòrán lọ́wọ́ Pẹ́pẹ́yẹ. N ò ré kọjá ẹnu ọ̀nà. Alága ìgbìmọ̀ wà lẹ́yìn mi, ẹ pè é."

Sájẹ́ǹtì pè é. Òótọ́ ni. Àwọn méjèèjì jọ wá, wọ́n sì jọ lọ.

"Bí òpó bá lanu, ta ló máa jìyà rẹ̀?" Kílófàá bi í.

"Èmi ni. Ìdí tí mo fi rán òmùwẹ̀ nìyẹn." Ó fọwọ́ lu àyà. "Màdáámú, orúkọ mi ló wà lára afárá yìí. Àwọn ọmọ mi ń gba orí rẹ̀ lọ sílé ìwé. Ṣé ẹ rò pé mo máa mọ̀ọ́mọ̀ gbé wọn sórí òpó tó lanu?"

"Kí ló wá fà á tẹ́ ẹ fi gba òmùwẹ̀ kan gbọ́, tẹ́ ẹ ò gba ìkejì?"

"Ẹnì kan mú àwòrán wá, ẹnì kejì mú ariwo wá."

Ó na àwòrán náà sí i. Kọnkéré dídán ni lóòótọ́. Níwájú rẹ̀, pátákó kékeré kan pupa fòò, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà òpó sí i lára, nítorí pé òmùwẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé pátákó ti ohun tó bá yà kí ẹni tó wà lókè lè mọ òpó tó ń wò. Kílófàá yí àwòrán náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Àwòrán tó dáa ni," Sájẹ́ǹtì ní nígbà tí wọ́n jáde. "A sì ti pàdánù ọ̀daràn wa."

"Ó dáa," Kílófàá ní. "Nǹkan kan nínú rẹ̀ ló tiẹ̀ dáa jù. N ò tíì mọ èyí tó jẹ́."

*

Yàrá òmùwẹ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n àwòrán ló bo ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀: ẹja tó ń wo kámẹ́rà bí aládùúgbò tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, ìdákọ̀ró tó ti dípẹtà, ìdí òpó, ẹnu ihò omi. Ọmọbìnrin náà ń fi aṣọ rírọ̀ nu rọ́bà ilẹ̀kùn kámẹ́rà mìíràn bó ti ń sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ẹ rí rọ́bà yìí, mà? Bí ẹyọ irun kan bá dùbúlẹ̀ lé e lórí, omi ti wọlé nìyẹn. Nítorí náà mo máa ń nù ún, màá tì í, màá kọ́kọ́ rì í bọ omi létí odò kí n wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń yọ jáde lára rẹ̀. N kì í gbàgbé. Ẹ bi ọ̀gá mi, òun ló kọ́ mi."

"Ọ̀gá yín nìkan ló wà nínú ilé yẹn nígbà tí káàdì lọ."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. "Ọ̀gá mi ò lè ṣe é. Ẹ máa wá olè lọ síbòmíràn."

"Bí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ yín ńkọ́?"

Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀. "Mà, kò sẹ́ni tó máa ń bá mi wọ ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ní ni pé bí mo bá ní mo rí nǹkan lábẹ́ omi, ẹni tó wà lókè á gbà mí gbọ́. Bí ìyẹn bá lọ, kí ni mo fẹ́ máa wẹ̀ fún?"

Kílófàá ti dìde, ó ń wo ògiri. Nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n yà nísàlẹ̀, ọwọ́ kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n yà, kí èèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó.

"Ìbọ̀wọ́ dúdú yìí wù mí."

"Kì í ṣe dúdú, mà." Ó fọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìbọ̀wọ́ kan wà lórí ìṣó níbẹ̀, ó ń gbẹ, ó pupa bí ojú iná. "Òun nìyẹn. Pupa ni omi kọ́kọ́ ń jẹ. Bí èèyàn bá ṣe ń jìn sísàlẹ̀ tó ni pupa ń kú tó, títí á fi dà bí èédú. Àfi bí èèyàn bá tan iná sí i."

Kílófàá dúró gbagidi. Sájẹ́ǹtì, tó mọ ìdúró yẹn, rọra di ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀gá yín ńkọ́? Ṣé ó máa ń tan iná?"

"Ẹ bi í fúnra rẹ̀." Ọmọbìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa bi í léèrè iṣẹ́."

"Ẹ yá mi ní ìbọ̀wọ́ yìí," Kílófàá ní, "àti àwòrán tí ẹ yà ní ìdí òpó mìíràn."

*

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kọjú sí odò. Alága, bàbá arúgbó kan, jókòó láàárín. Ẹnjiníà wà ní ọ̀tún rẹ̀. Ọmọbìnrin náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú, wọ́n ti gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ sórí tábìlì alága. Pẹ́pẹ́yẹ jókòó létí fèrèsé, irun rẹ̀ funfun, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí wọ́n ní odò ò lè mú un, bí omi kì í ti í mú ìyẹ́ ẹyẹ náà. Àpò ohun èlò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí kì í rìn láìgbé e.

"Ẹ̀gbọ́n," Kílófàá ní fún Pẹ́pẹ́yẹ, "wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ odò yìí tó yín."

"Odò ló mọ̀ mí."

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Kílófàá náà rẹ́rìn-ín.

"Àwòrán yín yìí ò ní èérí kankan. Iná wo lẹ tàn sí i?"

"Iná?" Pẹ́pẹ́yẹ wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń tan iná nínú odò tó ní ẹrẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tàn án, gbogbo ẹrẹ̀ tó ń fò níwájú yín á máa tàn wínníwínní bí ìràwọ̀. Ẹ ò ní rí òpó mọ́."

"Tọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Ọ̀kan náà ni. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀run nìkan ni mò ń lò."

"Ìsàlẹ̀ pátápátá sì lẹ ti yà á, níbi tí òpó ti wọ ilẹ̀?"

"Ibẹ̀ gan-an ni."

Kílófàá gbé àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì. Ó gbé àwòrán tó mú wá láti yàrá ọmọbìnrin náà tì í. Ó wá yọ ìbọ̀wọ́ pupa jáde, ó gbé e sáàárín méjèèjì.

"Alága, ẹ wò ó. Ìbọ̀wọ́ yìí náà ló wà nínú àwòrán yìí. Odò kan náà ni, ìdí òpó mìíràn ni, kò síná. Ó ti dúdú kirikiri. Ẹ wá wo pátákó Pẹ́pẹ́yẹ." Ó yíjú sí fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n, omi jẹ pupa ọmọ iṣẹ́ yín. Kí ló fà á tí kò jẹ tiyín?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn.

"Kámẹ́rà mi," Pẹ́pẹ́yẹ ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ó ní ibì kan tí wọ́n máa ń tẹ̀, tó ń dá àwọ̀ padà."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ kámẹ́rà. Odò nìyẹn. Ohun èlò yín nìyí. Ẹ wọ ìsàlẹ̀, ẹ ya pátákó náà lórí òkúta níbẹ̀. Bó bá pupa báyìí, màá kúnlẹ̀ fún yín lójú gbogbo ìgbìmọ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ na ọwọ́ sí àpò rẹ̀. Ọwọ́ náà dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró, ó ń gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ kejì dì í mú. Ìyẹn náà ń gbọ̀n.

Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ má jẹ́ kó lọ, mà! Òmùwẹ̀ tí ẹ̀rù bá ń bà, omi á pa á." Ó yíjú sí bàbá náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọ̀gá mi. Ìgbà wo lẹ ti wọ ìsàlẹ̀ kẹ́yìn?"

Pẹ́pẹ́yẹ yíjú sí fèrèsé.

"Ẹ̀gbẹ́ òkè lẹ ti ya àwòrán yìí," Kílófàá ní, "níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀, tí kọnkéré sì ń dán. Ẹ ní ìsàlẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ọmọ tí ẹ kọ́ jáde, ó ní òpó lanu. Àwòrán méjèèjì ò lè gbé ilé kan náà. Káàdì tirẹ̀ ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú yín, ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì ti lọ wo bọ́ọ̀lù."

Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀.

"Kí ló fà á, ẹ̀gbọ́n?" Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè náà kò dún bí ti ọlọ́pàá.

"Okùn mi," Pẹ́pẹ́yẹ ní. "Lọ́dún tó kọjá, ó wé mọ́ irin nísàlẹ̀. N ò rí òkè mọ́. Mo jáde, àmọ́ láti ìgbà yẹn, bí omi bá ti bo orí mi kọjá ibi tí mo ti lè rí oòrùn, ara mi ò gbà. Wọ́n ń pè mí ní Pẹ́pẹ́yẹ." Ó gbójú sókè, omi kún un. "Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé pẹ́pẹ́yẹ ń bẹ̀rù omi?"

"Ẹ ti ju káàdì náà sínú odò?" ẹnjiníà bi í. Ó ti dìde láìmọ̀.

Bàbá náà ṣí àpò rẹ̀. Ó mú àpótí awò ojú rẹ̀ jáde, ó sì yọ káàdì kékeré kan nínú aṣọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Mo lọ sétí odò láti jù ú. Mo kọ́kọ́ fi kámẹ́rà mi wò ó." Ó mi orí. "N ò lè jù ú. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n ò ya èyí tó dáa tó o rí."

Wọ́n fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà alága. Àwòrán yọ. Ìdí òpó kẹta ni, omi aláwọ̀ ewé yí i ká. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kọnkéré ti lanu. Pátákó tó yẹ kó pupa ti dúdú. Ìbọ̀wọ́ dúdú kan wọ inú ojú ibi tó sán náà títí dé ọrùn ọwọ́.

Ẹnjiníà wò ó títí. Ó mú tẹlifóònù. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ẹ ti afárá pa. Báyìí. Mo ní báyìí! Èmi tí mo kọ́ ọ ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Mo kọ́ ọ láti máa fi ọwọ́ sí i," Pẹ́pẹ́yẹ ń sọ fún Sájẹ́ǹtì tó ti dì í lápá mú, "kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ wò ó. Mo kọ́ ọ dáadáa."

"Ẹ kọ́ mi dáadáa," ọmọbìnrin náà ní. Kò wojú rẹ̀. "Ẹ̀rù tó ń bà yín lẹ ò sọ fún mi. Ṣebí èmi ni ǹ bá wọ omi fún yín."

Alága na ìwé àṣẹ sí i. "Ọmọ mi, má bínú. A dá a padà fún ọ."

Kò gbà á. "Ẹ ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òpùrọ́ ni mí, bàbá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ náà pé èmi ni mo ya àwòrán yìí."

Alága mú kálàmù, ó kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Nígbà tí wọ́n dé orí títì, ọkọ̀ ti tò lọ bí ejò. Àwọn ọlọ́pàá ń dá wọn padà níkọ̀ọ̀kan, fèrè ń dún, èébú ń fò. Ẹ̀gbọ́n òmùwẹ̀ ti sáré ṣáájú gbogbo èèyàn, ó ti ta okùn kan láti òpó iná dé òpó iná, ó dúró síwájú rẹ̀ bí aṣọ́lé.

Awakọ̀ akẹ́rù kan yọ orí síta. "Ta ni aláìláàánú tó ní kí wọ́n ti afárá pa lọ́sàn-án gangan?"

Ọkùnrin náà gbé orí sókè, ó sì ké débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ.

"Àbúrò mi ni!"